Fóòmù Tí Mo So Yí Ọmọ Àbúrò Mi Ká

Èmi kì í lè jókòó lásán. Ìyá mi máa ń sọ pé bí wọ́n bá so ọwọ́ mi méjèèjì mọ́ ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ ni màá fi ránṣọ. Bóyá ohun tó jẹ́ kí n yan iṣẹ́ abẹ́rẹ́ nìyẹn. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Ẹgbẹ́dá, lójú ọ̀nà Ìdímù, láàárín àwọn tó ń ta páànù àti ṣọ́ọ̀ṣì kan tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Mi ò rán bùbá, mi ò rán agbádá. Nǹkan ìsùn ọmọ ìkókó ni mo ń rán: ìrọ̀rí kékeré, ìbora, àti èyí tí gbogbo wa ń pè ní bọ́ńpà, ìyẹn fóòmù gígùn tí a fi aṣọ bò, tí a máa ń fi okùn so mọ́ àwọn ọ̀pá bẹ́ẹ̀dì ọmọ láti inú yíká, kí ọmọ má baà fi orí gbá igi.

Bọ́ńpà tèmi nípọn. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, nítorí ohun tí mo fi ń yangàn nìyẹn. Fóòmù pẹlẹbẹ lásán ni àwọn yòókù ń lò. Èmi a tún ki fáíbà sí i, irú èyí tí wọ́n ń kì sínú ìrọ̀rí, títí aṣọ yóò fi wú bíi búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ààrò. Oníbàárà á fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, á rẹ́rìn-ín, á ní èyí mà kún o. Lọ́dọ̀ wa, ohun tó bá kún ni a gbà pé ó yẹ ọmọ tuntun. Bẹ́ẹ̀dì tí kò ní nǹkan nínú, àbùkù ni lójú àwọn tó bá wá kí ìyá ọmọ.

Àbúrò mi obìnrin, ọ̀kan ṣoṣo tí mo ní, lo ọdún mẹ́fà nílé ọkọ kó tó bí àkọ́bí rẹ̀. Ọmọbìnrin ni. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ní sùn nínú bọ́ńpà àwọn ẹlòmíràn. Mo rán tirẹ̀, mo kì í, mo tún kì í. Mo fi ìrọ̀rí méjì kún un. Èmi fúnra mi ni mo gbé e lọ, èmi ni mo so ó, mo sì dúró sẹ́yìn, mo ń wò ó bí ẹni tó kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, mo yà síbẹ̀ láìsọ tẹ́lẹ̀. Mo bá ọmọ nínú bẹ́ẹ̀dì, mi ò bá bọ́ńpà, mi ò bá ìrọ̀rí. Inú bí mi. Mi ò pariwo, àmọ́ èmi kì í lè fi ìbínú pa mọ́. Bí ẹnu mi bá dákẹ́, ojú mi á máa sọ̀rọ̀. Mo béèrè bóyá iṣẹ́ ọwọ́ mi ti di ohun tí wọ́n ń tì sábẹ́ ibùsùn. Àbúrò mi ní òun fọ̀ ọ́ ni, ó wà lórí okùn. Mo gba ẹ̀yìnkùlé jáde, mo wo okùn, mi ò rí i, mo bá gba ibẹ̀ lọ sílé mi. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni mi ò fi pè é. Láti ìgbà náà, mo máa ń pè kí n tó lọ, mi ò sì tún débẹ̀ kí n má bá bọ́ńpà mi níbi tó yẹ kó wà. Mo ní lọ́kàn mi pé ọ̀rọ̀ ti wọ̀ ọ́ létí.

Ọmọ náà ti pé oṣù mẹ́rin nígbà tí mo pè é ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan pé mò ń bọ̀, tí mo sì wọ kẹ̀kẹ́. Kíṣìnnì ni mo bá a, ó ń tẹ ẹ̀bà. Ó ní ọmọ ń sùn, kí n lọ wò ó.

Mo wọ yàrá. Ọmọ náà ti yí sí ẹ̀gbẹ́, ó ti yí dójúdé, ó ti ki orí bọ àárín bọ́ńpà àti ìrọ̀rí, imú rẹ̀ rì sínú fáíbà tí mo fi ọwọ́ ara mi kì. Kò mira. Mi ò mọ ìgbà tí mo fà á jáde. Ètè rẹ̀ ti dúdú díẹ̀. Mo gbé e lé èjìká, mo ń gbá a lẹ́yìn, mo ń pe Ọlọ́run láìlè pe orúkọ náà délẹ̀. Ó wá fa èémí kan, ó gùn, ó ń dún, lẹ́yìn náà ni ó bú sẹ́kún.

Àbúrò mi sáré wọlé, ẹ̀bà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó béèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀.

Mo ní, "Ó kàn jí ni."

Irọ́ kékeré ni, àmọ́ mi ò rí ibi gbé e kà mọ́ láti ọjọ́ náà. Ọmọ ń wúkọ́ díẹ̀, mo fi ìyẹn bojú, mo ní mímí rẹ̀ kò tẹ́ mi lọ́rùn, kí á gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Kò bá mi jiyàn. Kí a tó jáde, mo tú bọ́ńpà náà, mo ní mo fẹ́ lọ tún okùn rẹ̀ rán, mo kó o pọ̀ mọ́ ìrọ̀rí méjèèjì sínú àpò. Ìyẹn náà, kò béèrè nǹkan kan.

Nọ́ọ̀sì yẹ ọmọ wò dáadáa, dókítà náà wò ó, wọ́n ní kò sí ewu mọ́. Nígbà tí àbúrò mi ń wọ ọmọ láṣọ, mo fà sẹ́yìn, mo bi nọ́ọ̀sì náà, bí ẹni ń béèrè fún ẹlòmíràn, pé irú bọ́ńpà wo ló dára jù fún ọmọ. Ó ní kò sí èyí tó dára. Ó ní ẹ̀yìn ni kí wọ́n fi tẹ́ ọmọ ìkókó, kí ojú rẹ̀ wà lókè, lórí fóòmù tó le, pẹ̀lú aṣọ kan ṣoṣo tó fà mọ́ fóòmù náà pinpin. Kò sí ìrọ̀rí, kò sí bọ́ńpà, kò sí ìbora tó ń rìn kiri. Mo ní bí ó bá wá fi orí gbá igi ńkọ́?

"Á ké, ẹ máa gbọ́," ni ó wí. "Èyí tí ò ní lè ké yẹn ni kẹ́ ẹ máa bẹ̀rù, Àǹtí."

Mi ò gbà. Ẹ dákun, ọdún mélòó ni mo ti fi ń ki nǹkan sínú aṣọ, kí nọ́ọ̀sì tí kò tó ọmọ tí mo lè bí wá sọ fún mi pé kí n má kì í mọ́? Ọjọ́ Mọ́ńdé, mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo fi abẹfẹ́lẹ́ tú bọ́ńpà ọmọ náà, mo ṣe òmíràn tó fẹ́lẹ́. Mo tẹ ojú ara mi mọ́ ọn, mo ń ka ení, èjì, ẹ̀ta. Mi ò lè ka dé ogún kí n tó gbé orí. Mo yọ fóòmù, mo fi aṣọ nẹ́ẹ̀tì ṣe é. Mo lè mí, àmọ́ nígbà tí mo fi ọmọláńgidi dánwò, nẹ́ẹ̀tì náà dẹ̀, orí ọmọláńgidi gba abẹ́ rẹ̀ bọ́ sáàárín ọ̀pá. Mo fi okùn sí i kó le, mo wá rí i pé okùn náà gùn tó láti yí ọrùn ọmọ po. Mo rán àpò tẹ́ẹ́rẹ́ fún ọ̀pá kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn yọ́ wálẹ̀, ó di òkìtì sẹ́gbẹ̀ẹ́ imú. Bí mo ti ń dí ibì kan ni ibòmíràn ń ṣí. Oúnjẹ kò lọ lẹ́nu mi. Ọ̀rẹ́ mi tó ń ta páànù lẹ́gbẹ̀ẹ́ yọjú láti béèrè bóyá mo ń ṣàìsàn ni.

Lọ́jọ́ kẹrin ni mo tó gbà fún nọ́ọ̀sì. Mo ṣíwọ́ ríro ohun tí màá fi sínú bẹ́ẹ̀dì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro ohun tí màá fi sára ọmọ. Mo rán aṣọ alápò kan tí kò lápá, tí kò ní fìlà, tí síìpù rẹ̀ lọ láti àyà dé ìsàlẹ̀. Òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni mo lò nítorí ooru. Mo wọn ọrùn rẹ̀ kó má fẹ̀ débi tí orí yóò fi rì wọ inú rẹ̀. Ìbora ni, àmọ́ ọmọ ló wọ̀ ọ́, kò lè gun ojú rẹ̀. Ní ti fóòmù àti fáíbà, mo fi wọ́n rán ẹní tí ọmọ lè máa ṣeré lé lórí ilẹ̀ nígbà tí ojú rẹ̀ bá là tí ojú ìyá rẹ̀ sì wà lára rẹ̀. Nígbà tí mo parí, mo jókòó. Ìgbà yẹn ni mo rántí pé bọ́ńpà mẹ́sàn-án tí mo rán lọ́dún yẹn wà nílé àwọn ènìyàn. Mo dìde.

Ìgàndò ni mo kọ́kọ́ lọ. Mo sọ fún ìyá ọmọ náà pé kó dá bọ́ńpà padà fún mi, pé màá fún un ní nǹkan mìíràn. Ó béèrè ohun tí mo fẹ́ fi aṣọ tí ọmọ òun ti sùn lé ṣe. Mo ní mo kàn fẹ́ gbà á ni. Kò bú mi. Ó rọra padà wọlé, ó sì rọra ti ilẹ̀kùn. Orí ìdúró yẹn ni mo ti mọ ohun tí mo ṣe. Ta ni yóò gba aṣọ ara ọmọ ìkókó kúrò nílé rẹ̀, tí kò ní sọ ìdí, tí wọn kò ní fura sí i? Bó bá jẹ́ èmi ni, ilẹ̀kùn náà ì bá dún gbàgà.

Mo yí ọwọ́ padà. Mo padà lọ sí Ìgàndò kan náà, mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà, mo ní kó gbé e wá, kó dúró tì mí. Ojú rẹ̀ ni mo ti fi abẹfẹ́lẹ́ tú u, tí mo fa fóòmù àti fáíbà jáde, tí mo ká aṣọ rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Mo ní àṣà tuntun ló dé, pé bẹ́ẹ̀dì tí kò ní nǹkan nínú ni àwọn tó lajú ń lò báyìí. Ó yẹ aṣọ alápò wò, ó fẹ́ràn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rìn dé Ìkòtún, dé Ìdímù, mo ń tú iṣẹ́ ọwọ́ ara mi, mo ń pa irọ́ àṣà kiri. Irọ́ náà tà. Ọkàn mi kò sì balẹ̀.

Ayọ̀bọ̀ ni ó gbẹ̀yìn. Òjò ti ba ọ̀nà ibẹ̀ jẹ́, mo sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, mo bọ́ bàtà sọ́wọ́, mo fi ẹsẹ̀ gba inú ẹrẹ̀ dé ilé wọn. Ìyá ọmọ ti lọ síbi iṣẹ́. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló ń tọ́jú ọmọ, ìyá àgbà kan láti Èkìtì, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Mo bẹ̀rẹ̀ ìtàn àṣà mi. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán, ó ń wo ẹsẹ̀ mi.

"Àṣà kì í mú èèyàn wọ irú ẹrẹ̀ yìí," ni ó wí. "Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Mo sọ ọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu mi: bọ́ńpà, ìrọ̀rí, ètè tó dúdú, gbogbo rẹ̀. Mo ti ń sunkún kí n tó parí. Ìyá náà dìde, ó gbé bọ́ńpà wá, ó gba abẹfẹ́lẹ́ lọ́wọ́ mi, ó tú u fúnra rẹ̀.

Ó ní, "Ṣé ìyá ọmọ náà mọ̀?"

Mo ní, "Rárá, mà."

"Kí lo wá ń wá kiri ní Ayọ̀bọ̀?"

Láti ibẹ̀ ni mo gba ilé àbúrò mi lọ, mi ò fọ ẹsẹ̀. Ó ń ká aṣọ ọmọ lórí ibùsùn. Ọmọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń jẹ ìka. Mi ò jókòó, kí n má baà rí àyè yí ọ̀rọ̀ padà. Mo ní lọ́jọ́ Sátidé yẹn, kì í ṣe pé ọmọ kàn jí. Mo ní bọ́ńpà mi ló fẹ́ pa á, àti pé mo purọ́ fún un.

Ó ká aṣọ kan tán kó tó dáhùn.

"Mo mọ̀, Àǹtí. Mo rí ètè ọmọ mi."

Mo béèrè ìdí tí kò fi sọ̀rọ̀. Ó wólẹ̀ lórí eékún, àbúrò mi, ó di ẹsẹ̀ mi tó kún fún ẹrẹ̀ mú, ó ń bẹ̀ mí. Ó ní wọ́n ti sọ fún àwọn ní kílíńìkì láti ìgbà tóun ti lóyún pé àwọn ò gbọ́dọ̀ lo bọ́ńpà. Ó ní abẹ́ ibùsùn ló máa ń wà láti ìbẹ̀rẹ̀, ọmọ kò sùn nínú rẹ̀ rí.

"Àyàfi tẹ́ ẹ bá ti pè pé ẹ̀ ń bọ̀," ni ó wí. "Mo máa ń so ó padà kẹ́ ẹ tó dé, kí inú má baà bí yín."

Mo rántí fóònù tí mo gbé ní ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀sán Sátidé náà, bí mo ti ń fi ayọ̀ sọ fún un pé mo ti ń jáde. Mo kúnlẹ̀ tì í. Àwa méjèèjì wà nílẹ̀ níbẹ̀ títí ọmọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké, tí inú wa sì dùn pé ó ń ké.

Mo ṣì máa ń lọ síbẹ̀ lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. N kì í pè mọ́ kí n tó lọ.