Olú gbígbó Fámúrewá ni wọ́n mú, wọ́n fi tèmi sílẹ̀

Láti àárọ̀ ni ara ti ń ta mí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan wá láti yunifásítì ní Àkúrẹ́, ó gba olú lóko wa ní Ìta-Ògbólú. Ó fẹ́ wọn ohun tó ń mú ara olú le, irú èyí tó wà nínú èèpo akàn. Oko tí nǹkan náà bá pọ̀ jù nínú olú ibẹ̀ ni yóò ti máa mú olú.

Àlejò ni, mo bá ṣa èyí tó rọ̀ jù fún un. Fámúrewá tá a jọ pààlà oko kó èyí tó ti gbó, tí ìyàwó rẹ̀ fẹ́ dà nù.

Obìnrin náà padà dé lónìí, ó ní inú olú Fámúrewá ni nǹkan náà ti pọ̀ jù.

Mo ní, "Ìyáàfin, ta ló máa lè jẹ ìyẹn?"

"Bàbá, a ò fẹ́ jẹ ẹ́. Líle rẹ̀ la ń wá."

Fámúrewá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi."

Èmi tí mo fi ibi tí olú ń hù hàn án!

Ọmọbìnrin mi tó ń bá mi tẹ ọ̀rọ̀ yìí sórí fóònù ní ó ti tó. N ò gbọ́.

Ẹ dá sí i, ṣé olú gbígbó ló yẹ àlejò? Ẹni tó bá gbè sẹ́yìn Fámúrewá kò ní jẹ olú mi mọ́.