Ọ̀rọ̀ tí Mo Gbọ́ Láti Ìjókòó Ẹ̀yìn

Ìjókòó iwájú nínú mọ́tò ọkọ mi, èmi ni mo ni ín tẹ́lẹ̀. Ọkọ mi, tàbí kí n kúkú sọ pé ọkọ wa, kí àwọn tó mọ̀ wá ní Fìdítì má baà ní mo tún ti bẹ̀rẹ̀. Ọsàn ló ń tà. Ó ń rà á lóko, ó ń kó o lọ sí Ìbàdàn, nígbà tí ọjà sì gbè é, ó ra Pijó àlòkù kan. Bí a bá ti ń kọjá níwájú ìsọ̀ àwọn obìnrin ọlọ́sàn, èmi a gbé ìgbọ̀nwọ́ lé ojú fèrèsé kí wọ́n lè rí mi dáadáa.

Ọdún tó gbé ìyàwó kejì wọlé ni ìjókòó náà bọ́ lọ́wọ́ mi. Kò sẹ́ni tó ṣe òfin rẹ̀. Ọmọ Àwẹ́ ni ìyàwó, ẹ̀rín kò jìnnà sí ẹnu rẹ̀, ó sì ní òòyì máa ń kọ́ òun bí òun bá jókòó sẹ́yìn mọ́tò. Ọkọ wa wojú mi, ó ní, "Ìyálé, ìwọ ṣáà lágbára." Bí mo ṣe di èrò ẹ̀yìn nìyẹn, èmi àti àwọn apẹ̀rẹ̀.

Mo jowú. N kò ní fi bò. Mo jowú bó ṣe ń yí rédíò mọ́tò, mo jowú bó ṣe ń bó ọsàn sí ọkọ wa lẹ́nu bí ìyẹn ti ń wakọ̀, mo tilẹ̀ jowú ẹ̀yìn orí rẹ̀, nítorí òun ni mo ń wò láti Fìdítì títí dé ibi yòówù tí a bá ń lọ. Wọ́n ní pàṣán tí a fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó. Èmi a máa wo àjà, n kò rí pàṣán kankan níbẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, Àwẹ́ la ti ń bọ̀, níbi tí wọ́n ti sọ ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyàwó lórúkọ. Oòrùn ọ̀sán ń mú. Ogun abẹ́lé ti parí nígbà náà, ṣùgbọ́n ìbọn ti di ohun tí àwọn olè ń gbé kiri, ni ìjọba bá da ọlọ́pàá sójú títì. Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí wọ́n ní kí gbogbo mọ́tò máa gba apá ọ̀tún. Pijó wa ní tirẹ̀ jẹ́ ti àtijọ́, ọwọ́ ọ̀tún náà ni sítíárìn rẹ̀ wà. Nítorí náà ẹ̀gbẹ́ igbó ni ọkọ wa bọ́ sí, ìyàwó ló wà lápá àárín títì, ọmọ ọwọ́ rẹ̀ lórí ẹsẹ̀, èmi sì wà lẹ́yìn ìyàwó gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé bí a ṣe jókòó.

A kọjá Ìlọrà. Nígbà tí a súnmọ́ ibi tí ọ̀nà ti yà sí Akínmọ̀rìn, a rí ọlọ́pàá mẹ́ta. Àwọn méjì wà lábẹ́ igi, ẹnì kan dúró láàárín títì tòun ti ìbọn. Ọ̀dọ́kùnrin ni, ọ̀nà jíjìn ló ti wá, àwọn awakọ̀ sì máa ń fi Yorùbá rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí kò mọ ibi tí ohùn ti ń gòkè àti ibi tó ti ń sọ̀ kalẹ̀. Bó bá kí ènìyàn, ó máa ń dà bí ẹni pé ó ń bú u. Ọkọ wa dẹwọ́ eré. Ọlọ́pàá náà gbọ́wọ́ sókè, ó pariwo ọ̀rọ̀ kan. Ẹ́ńjìnnì ń hó, ọkọ wa kò gbọ́, ó bi ìyàwó léèrè pé, "Kí ló wí?"

Ìyàwó ní, "Ó ní kí ẹ máa lọ."

Ọkọ wa tẹná. A kò tíì lọ jìnnà tí mo fi gbọ́ ìró, gíláàsì ẹ̀yìn sì fọ́ dà sí mi lára. Ọta náà gba ẹ̀gbẹ́ etí mi kọjá. Mọ́tò rọra wọ inú igbó lọ, ó dúró, ọkọ wa sì ti gbórí lé sítíárìn bí ẹni tó ń sinmi. Kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù ní Ọ̀yọ́, ó ti kú.

Ọlọ́pàá náà ní "má lọ" lòun wí. Ó ní òun ní kí wọ́n má lọ, wọ́n sì sá, òun rò pé olè ni wọ́n. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní àṣìṣe ni, ẹ̀dá ò sì lè ṣe kó má ṣàṣìṣe. Ṣùgbọ́n "máa lọ" ló jáde lẹ́nu ọmọkùnrin yẹn. Ó fa ohùn náà gùn. Fèrèsé tèmi ṣí gbayawu, etí mi kò sì di. Ohun kan ló fẹ́ sọ, òmíràn ló sọ, ó wá yìnbọn fún ẹni tó gbọ́ràn sí i lẹ́nu.

Ìlú pín sí méjì. Ìsọ̀ onígbàjámọ̀ kan kọjú sí ilé wa, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jiyàn láti òwúrọ̀. Tíṣà àgbà kan tó jẹ́ oníbatisí ló máa ń bẹ̀rẹ̀. Á ní, "Bí ọdẹ bá ṣèèṣì yìnbọn pa ènìyàn lóko, ṣé ẹ ò ní fà á lọ síwájú ìjọba? Bí awakọ̀ bá ṣèèṣì gbá ènìyàn pa ńkọ́? Kí ló wá wà lára aṣọ ọlọ́pàá tó ń sọ àṣìṣe di nǹkan mìíràn?"

Ṣọ́jà kan tó ti ojú ogun dé, tí ìka ọwọ́ rẹ̀ ò pé, á dá a lóhùn pé, "Tíṣà, ẹ ò tíì dúró níwájú olè rí. Bí ẹ bá ní ẹni tó bá ṣi ìbọn yìn á lọ sẹ́wọ̀n, ta ni á gba ìbọn lọ́wọ́ yín láti máa ṣọ́ ọ̀nà?"

Bàbá àgbàlagbà kan ní kádàrá ni, kò sẹ́ni tó lè kọjá ọjọ́ rẹ̀. Onígbàjámọ̀ bi í pé, "Bàbá, bó bá jẹ́ ewúrẹ́ yín ló yìn pa ńkọ́?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rántí pé ilé olókùú ló kọjú sí wọn, ni onígbàjámọ̀ bá tún gbé abẹ rẹ̀.

Mo ń gbọ́ wọn láti inú yàrá tí mo ti ń ṣe opó. Ká sọ òótọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ òfin ló ń dùn mí. Ohun tó ń dùn mí ni pé yàrá ìyàwó ni gbogbo ẹni tó ń bọ̀ wá kí wa ti ń kọ́kọ́ dúró. Òun ló jókòó ti ọkọ wa, òun ni ẹ̀jẹ̀ ta sí láṣọ, òun ló ní ìtàn lẹ́nu. Bí wọ́n bá ti bá a sunkún tán, wọ́n á wá yọjú sọ́dọ̀ mi, wọ́n á ní, "Ẹ kú ará fẹ́ra kù," wọ́n á sì máa wá bàtà wọn. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ṣáájú rẹ̀ nílé ọkọ, ó tún gba ìjókòó iwájú nínú ọ̀fọ̀. Mo jowú ẹkún rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ pè mí ní ènìyàn burúkú, kó pè mí.

Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ yí padà. Ẹnu tó ń bá a sunkún bẹ̀rẹ̀ sí wí pé, bí kì í bá ṣe tirẹ̀, ọkọ ì bá dúró. Wọ́n ní òun ló gbọ́ "má lọ" tó sì ní kí ọkọ máa lọ. Àwọn obìnrin ọlọ́sàn sọ ọ́ lórúkọ, Ó-ní-kí-ẹ-máa-lọ. Mo gbọ́ orúkọ náà, mo rẹ́rìn-ín sínú aṣọ ìborùn mi.

Tíṣà àgbà mú lọ́yà kan wá sílé wa. Lọ́yà náà là á mọ́lẹ̀ fún àwọn ẹbí. Bó bá jẹ́ "má lọ" ni ọlọ́pàá wí, wọ́n á ní mọ́tò ló sá, ọ̀rọ̀ á sì parí sí àṣìṣe. Ṣùgbọ́n bí a bá lè fi hàn pé "máa lọ" ló wí, a jẹ́ pé ó yọ̀ǹda wọn kó tó yìnbọn, ọ̀ràn ni, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́jọ́. Ó ní ìyàwó nìkan kò tó, nítorí wọ́n á ní ó ń gbèjà ara rẹ̀ ni. Ó kọjú sí mi. "Ìyá, ẹ̀yin náà wà níbẹ̀. Kí lẹ gbọ́?" Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n ronú.

Lọ́jọ́ tó ṣáájú kọ́ọ̀tù, lẹ́yìn ìrun alásàrì, ìyàwó wọlé tọ̀ mí, ó kúnlẹ̀. Ó ti rù kan egungun. Ó ní, "Ìyálé mi, ẹ gbọ́ ọ. Mo mọ̀ pé ẹ gbọ́ ọ. Ẹ dákun, ẹ bá mi sọ ọ́. Wọ́n ń pè mí lápànìyàn."

Ọkàn mi rọ̀ nígbà yẹn. N kì í ṣe òkúta. Mo na ọwọ́ láti gbé e dìde. Òun náà wá fi kún un pé, "Ọkọ mi ò ní í sinmi níbi tó wà."

Ọkọ mi. Kò wí pé ọkọ wa. Ó ṣeé ṣe kó má tilẹ̀ mọ̀ pé òun wí bẹ́ẹ̀. Mo fa ọwọ́ mi padà, mo ní kó lọ tọ́jú ọmọ rẹ̀.

Ní kọ́ọ̀tù l'Ọ́yọ̀ọ́, èrò kún débi pé àwọn kan dúró sójú fèrèsé. Òyìnbó ni ọlọ́pàá náà fi sọ tẹnu rẹ̀, ògbufọ̀ sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún wa. Nígbà tó kan ọ̀rọ̀ náà gan-an, ògbufọ̀ sọ pé, "Mo ní kí wọ́n dúró. Mo ní, má lọ." Ó sọ ọ́ ṣókí, ó dán, ohùn ọmọ Ọ̀yọ́ gidi. Kò sẹ́ni tó ní kí ọmọkùnrin náà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ ní Yorùbá. Ká ní wọ́n ní kó sọ ọ́ ni, gbogbo kọ́ọ̀tù ì bá gbọ́ ohun tí mo gbọ́.

Ìyàwó wí tirẹ̀, wọ́n sì fi ìbéèrè yí i mọ́lẹ̀. Ó wá kàn mí. Wọ́n ní kí n sọ ohun tí mo gbọ́.

Mo ní, "Ẹ̀yìn ni mo jókòó sí. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ẹni tó jókòó síwájú ni kí ẹ bi."

Adájọ́ ní àṣìṣe tó burú gan-an ni, ṣùgbọ́n òun kò rí ọ̀ràn tí òun lè gbé kọ́ ọlọ́pàá náà lọ́rùn. Wọ́n gbé e lọ síbòmíràn. Ní ìsọ̀ onígbàjámọ̀, wọ́n jiyàn fún ọjọ́ díẹ̀ sí i lórí bóyá ó yẹ kí àṣìṣe mú ènìyàn lọ sẹ́wọ̀n. Tíṣà ní ó yẹ, ṣọ́jà ní kò yẹ, n kò sì tíì mọ èyí tí mo gbà nínú méjèèjì. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọmọkùnrin yẹn ṣèèṣì, èmi kò ṣèèṣì, kò sì sẹ́ni tó jiyàn lórí tèmi.

Nígbà tí ìyàwó parí opó, ó di ẹrù rẹ̀ pé òun ń padà sílé bàbá òun l'Áwẹ̀ẹ́. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ kò jẹ́ kó lè jáde mọ́. Wọ́n ti gbé ẹrù rẹ̀ síta, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, nígbà tó wá kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi. Mo ti ń retí ọjọ́ náà láti ìgbà tó ti dé. Mo rò pé inú mi á dùn.

Ó ní, "Ìyálé mi, mò ń lọ."

Ohun tí wọ́n ń fèsì bẹ́ẹ̀, gbogbo ènìyàn ló mọ̀ ọ́n. Ó jáde lẹ́nu mi kí n tó ronú kàn án. Mo ní, "Máa lọ."

Kò tètè dìde. Ó gbójú sókè wò mí, ojú rẹ̀ gbẹ. Ó ní, "Bó ṣe sọ ọ́ náà nìyẹn, àbí?"

Mo ní, "Bó ṣe sọ ọ́ náà ni."

Ó tún ọmọ rẹ̀ pọ̀n, ó sì lọ.