Ìdajì Ìwé Alùfáà Wa

Alùfáà wa, ará Ìlọrin tó ń kọ́ wa ní kéwú ní Tàmálè, kì í yá ènìyàn ní odindi ìwé. Ìwé rẹ̀ kò ní ìdè, inú àpò awọ ló ń kó ewé rẹ̀ sí. Ìdajì ni yóò fún ọ, ìdajì á kù sílé. Ahun là ń pè é lẹ́yìn.

Nígbà ogun àgbáyé kejì, lẹ́yìn tí Faransé túúbá fún ọ̀tá, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣàkóso wa àti ti Faransé dìjà, wọ́n sì ti ààlà. Lọ́jọ́ kan, àgbà onímọ̀ tí òun àti alùfáà jọ ń ṣàlàyé ìwé kan yọ́ dé láti Wagadúgù, nílẹ̀ Faransé. Làwọn ará Sọ́ńgò, àdúgbò àwa àlejò, bá dí ẹnu ọ̀nà alùfáà mọ́ ọn.

"Amí Faransé ni! Ẹ pe ọlọ́pàá!" Kí n má purọ́, ohùn tèmi ló ròkè jù.

Alùfáà ò dìde. Ó ka ewé kan sókè, ó sì dúró láàárín gbólóhùn. Àlejò fa ewé tó kàn yọ nínú àpò tirẹ̀, ó kà á parí.

Ìyàwó alùfáà ní, "Ẹ̀yin ọkọ mi, amí yìí mà mọ kéwú jù yín lọ!"

Ẹ̀rín bú, ọ̀nà là.

Nígbà tí àlejò ń lọ, ó fẹ́ dá ìdajì ìwé tí alùfáà yá a padà. Alùfáà kọ̀.

"Máa mú un lọ. Bí mo bá gbà á, kí ni yóò tún mú ọ wá?"