Ìlà Pẹ́ńsù Lára Ògiri

Bàbá mi, bíríkìlà tó ti fẹ̀yìn tì, kì í gbà kí ẹnikẹ́ni bẹnu àtẹ́ lu ilé tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ́. Nígbà tí ògiri ilé ìdáná sán, wọ́n fi pẹ́ńsù fa ìlà síbi tó sán dé, wọ́n ní, "Kò ní kọjá ibẹ̀."

Ó kọjá. Wọ́n tún fa òmíràn. Nígbà tí ìlà pé mẹ́rin, mo ní ẹ jẹ́ ká yẹ ìwé inṣọ́ránsì ilé wò.

"Ká wo kí ni? Ogún ọdún ni mo ti ń san án! Kí ni kò sí níbẹ̀?"

Mo kà á sí wọn létí. Iná wà níbẹ̀, olè wà níbẹ̀, ìjì wà níbẹ̀. Kí ilẹ̀ rì lábẹ́ ilé nìkan ni kò sí. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ lọ fi kún un kí ògiri rẹ̀ tó sán.

Bàbá ò jágbe mọ́ mi. Ìyẹn gan-an ló já mi láyà. Wọ́n yọ pẹ́ńsù lẹ́yìn etí, wọ́n gbójú sókè. Ibi tó sán ti kan àjà, kò sí ibi tí wọ́n máa fa ìlà sí mọ́.

Ni ìyá mi bá figbe ta láti yàrá òkè: "Ẹ gbà mí o, ilẹ̀kùn yìí ò ṣí mọ́!"