Ọ̀sà Tí Ìyá Mi Gbé Relé

Ìbéèrè kan náà ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi obìnrin máa ń bi í láti Ìgbòho látìgbà tí mo ti gbọ́njú: "Kí ló wà ní Abidjan yẹn gan-an tí kò jẹ́ kó o wálé?" Ìyá mi á ní ọ̀sà ni, omi tó tẹ́ lọ súà nítòsí ilé wa ní Koumassi Remblais, tó máa ń pupa bí epo nírọ̀lẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á ní òun ò tíì rí omi kankan nínú gbogbo fọ́tò tá à ń fi ránṣẹ́.

Òótọ́ ló sọ. Bí ojú ìyá mi bá hàn nínú fọ́tò tí mo fi fóònù yà, omi àti ojú ọ̀run á funfun báláú. Bí omi bá hàn, ìyá mi á dúdú bí ìdí ìkòkò. Nígbà tó wá pinnu pé òun ń padà sílé pátápátá, ó ní òun ò ní lọ láìmú ọ̀sà náà dání. Ọ̀rọ̀ lílọ yẹn dùn mí ju bí mo ṣe jẹ́ kó mọ̀ lọ. Mo ra kámẹ́rà àlòkù kan ní ọjà Adjamé, mo sì ń wo fídíò títí mo fi rí ọgbọ́n kan kọ́. Èèyàn á ya ibì kan náà lẹ́ẹ̀mẹta: ọ̀kan á ṣókùnkùn, ọ̀kan á wà láàárín, ọ̀kan á mọ́lẹ̀ yòò. Kọ̀ǹpútà á wá da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ di ẹyọ kan. Àmọ́ ohun tá à ń yà ò gbọ́dọ̀ mira.

Inú ìyá mi dùn nígbà tó rí irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí mo gbé kámẹ́rà lé. "Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù," ló wí, ó sì lọ dúró sétí omi.

Ta ni mo ní kó má mira? Obìnrin tó ti ta aṣọ ní ọjà Roxy títí tí kò fi sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n mọ́! "La vieille, bonsoir!" Ẹnì kan kí i lédè Faransé, ó nawọ́ sókè. "Mama, i ni wula!" Òmíràn kí i lédè Jula, ó yíjú pẹ̀lú ẹ̀rín, ó ní, "N sé!" Nígbà tí kọ̀ǹpútà da fọ́tò pọ̀, ọ̀sà náà dára débi pé mo pariwo. Ṣùgbọ́n ìyá mi ní ọwọ́ mẹ́ta àti orí méjì.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá wọn lóhùn mọ́."

"Kí wọ́n kí mi, kí n má dáhùn? Ṣé mo ti kú ni?"

Mo bínú. Mo ní tí ìyá mi ò bá fẹ́ fọ́tò, kó sọ. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó dúró gbagidi bí ẹni tó ń ya fọ́tò káàdì. Àwọn èèyàn ń kí i, ó panu mọ́. Aládùúgbò wa kan, ọmọ Ìsẹ́yìn tó ń ta ẹja, kí i lẹ́ẹ̀mejì, kò gbọ́ èsì, ó sì rọra kọjá lọ. Kí n tó ya ìkẹta, ìyá mi ti ń sáré tẹ̀ lé e: "Pardon, àbúrò mi! Ọmọ yìí ló ní kí n má sọ̀rọ̀!"

Nígbà tó padà dé, ojú rẹ̀ ti kún fún omijé. "Wọ́n á ní torí mo fẹ́ relé ni mo ṣe ń gbéraga." Ìfẹ́ rẹ̀ gbà mí lọ́kàn débi pé mi ò lè bínú mọ́.

Mo ní kó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ya ọ̀sà nìkan lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà mo ní kó padà sáàyè rẹ̀, kó máa kí ẹni tó bá wù ú, mo sì ya òun náà lẹ́ẹ̀kan péré. Orí kọ̀ǹpútà ni mo ti gbé e sétí omi rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ fún ẹ̀rín, ọwọ́ rẹ̀ wà lókè, ìró rẹ̀ sì ti fẹ́ tú.

Ìyá mi ti gbé fọ́tò náà relé, ó sì ti wà lára ògiri ní Ìgbòho báyìí. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e kọ́ ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi pè mí. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n ti wá rí omi náà.

"Mo rí i, ó dára. Ta ló ń kí tínú ẹ̀ fi dùn tó báyìí?"

Mo ní ẹni tó bá ṣáà ń kọjá ni.

"Ẹ̀n-ẹ́n," ni wọ́n wí. "Mi ò ní bi í léèrè ohun tó wà ní Abidjan mọ́."