Bàtà Tí Bàbá Mi Fi Kọ́ Igi

Ilé ìwòsàn kan ní Bassila ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mo máa ń kọ orúkọ àwọn tó bá wá gba ìtọ́jú, ọjọ́ orí wọn, abúlé wọn àti ohun tó ń ṣe wọ́n. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń kọ̀wé láràárọ̀, kò sì sí ọ̀rọ̀ kan tó jẹ́ tèmi nínú rẹ̀. Bóyá ìdí nìyẹn tí mo fi dúró pẹ́ níwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣe fótókópì, lọ́jọ́ tí mo rí bébà kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri rẹ̀. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá ń kọ nǹkan sínú ìwé kàyé nílé, kó gbé e wá sí kíláàsì kan ní kọ́lẹ́jì nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ká jọ máa kà á fún ara wa.

Mo lọ. Àwa méje péré la jókòó sórí àwọn bẹ́ǹṣì tí orúnkún wa kò fẹ́ wọ abẹ́ tábìlì wọn. Màdáámù tó lẹ bébà náà, olùkọ́ Faransé ni. Ó sọ fún wa pé kí oníkálukú ka tirẹ̀ ní èdè tó fi kọ ọ́, Faransé ni o, Anii ni o, Yorùbá ni o. Ẹni tó bá gbọ́, ó gbọ́. Ẹni tí kò bá gbọ́, a ó túmọ̀ rẹ̀ fún un.

Ó di Àbámẹ́ta kẹta kí àyà mi tó gbà mí láyè láti ka tèmi. Ìtàn bàbá mi ni, Yorùbá tí à ń sọ ní Manigri, ìlú wa, ni mo sì fi kọ ọ́, bó ṣe máa ń sọ ọ́ fún wa tí a bá ń ṣa kajú. Bàbá mi ti kú, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ kan nílé wa tí kò mọ ìtàn náà. Kí ó tó fẹ́ ìyá mi, ó wọ igbó lọ wá oyin, ó sì ṣìnà. Ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, ó fi kọ́ ẹ̀ka igi irúgbá kí ó lè mọ ibi tó ti kọjá. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, ó rí bàtà kan lórí igi, inú rẹ̀ dùn gan-an pé ènìyàn wà nítòsí.

Ibẹ̀ ni mo kà dé tí mo fi dúró kí n lè ṣí ojú ewé. Bàbá àgbàlagbà kan tó máa ń wá láti Doguè, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, bá dá sí i ní Yorùbá.

"Ó sọ bàtà náà kalẹ̀, ó wọ̀ ọ́, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu. Ìgbà yẹn ló tó mọ̀ pé tòun ni."

Mo wo ojú ewé kejì. Ohun tí mo kọ síbẹ̀ gan-an nìyẹn.

"Bàbá, ta ló sọ ìtàn yìí fún yín?"

"Bàbá mi ni. Òun ló ṣẹlẹ̀ sí."

Kò bínú. Bí ẹni ń júwe ọ̀nà ilé rẹ̀ ló ṣe sọ ọ́. Bó bá jẹ́ pé ó bínú ni, ǹ bá mọ èsì tí màá fún un. Màdáámù béèrè bóyá ìtàn tí gbogbo ènìyàn ń sọ lágbègbè wa ni. Àwa méjèèjì ní rárá lẹ́ẹ̀kan náà. Mo gbìyànjú láti kà á parí. Nínú tèmi, bàbá mi gbọ́ ìró ọmọ odó, ó tẹ̀ lé e títí tó fi bá obìnrin kan tó fún un lómi. Bàbá Doguè mi orí. Ó ní nínú tàwọn, ọkùnrin kan tó ń bo ilé ni bàbá òun bá.

Lọ́jọ́ kejì mo gun alùpùpù lọ sí Manigri. Ẹ̀yìnkùlé ni mo bá ìyá mi, ó ń bẹ iṣu tó fẹ́ sá.

"Ìyá, ṣé òótọ́ ni pé bàbá sọnù nínú igbó?"

"Bàbá yín? Èmi ò gbọ́ ọ rí kí ẹ̀yin tó dé. Ìgbà tí ẹ̀yin ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́."

"Ẹ ò sì bi wọ́n?"

"Kí ni mo fẹ́ bi wọ́n? Ṣebí ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín."

Mo kọjá sọ́dọ̀ àbúrò bàbá mi. Òun ní òótọ́ ni, òun fojú òun rí bàtà náà. Mo bi í bóyá tọ̀tún ni tàbí tòsì. Ó wò mí títí.

"Bàtà ni," ó ní.

Ó tún sọ pé bàbá mi lo ìgbà òjò méjì ní Doguè nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, ó ń bá wọn kọ ebè. Èyí ló wá da gbogbo rẹ̀ rú. Ó lè jẹ́ pé ibẹ̀ ló ti gbọ́ ìtàn náà, tó sọ ọ́ di tirẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé òun ló sọ ọ́ fún wọn, tí ẹlòmíràn sì sọ ọ́ di tirẹ̀. Mo bínú sí bàbá mi díẹ̀. Lẹ́yìn náà ojú tì mí, pé mò ń bá òkú jà nítorí bàtà.

Àbámẹ́ta méjì tó tẹ̀ lé e, n kò lọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà kan, mo gbójú sókè níbi iṣẹ́, mo rí Bàbá Doguè lórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn aláìsàn. Nígbà tó kàn án, mo bi í pé kí ló ń ṣe é.

"Kò sí nǹkan tó ń ṣe mí. O ò wá mọ́, ni mo fi wá wò ọ́."

Mo sọ ohun tí wọ́n sọ fún mi ní Manigri fún un. Ó gbọ́ ọ tán, ó fọwọ́ ra irùngbọ̀n.

"Èmi náà béèrè nílé," ó ní. "Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sọ pé bàbá wa kì í wọ bàtà rárá. Pé títí wọ́n fi kú, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń rìn."

Obìnrin kan tó pọn ọmọ, tí ó kàn lẹ́yìn rẹ̀, ń dúró dè wá.

"Ta ló wá ni ìtàn náà, Bàbá?"

"N kò mọ̀, ọmọ mi. Máa bọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Kọ tìrẹ, èmi náà á kọ tèmi."

Mo padà. Ó ka tirẹ̀ ní Faransé, mo ka tèmi, kò sì sẹ́ni tó lè sọ èyí tó ṣáájú. Nínú kàyé mi, mo ti fagi lé ibi gbogbo tí mo kọ "bàbá mi" sí, mo sì fi "ọkùnrin kan" rọ́pò rẹ̀. Kò dùn mọ́ mi lẹ́nu, ṣùgbọ́n n kò lè kọ "bàbá mi" síbẹ̀ mọ́.

Nígbà tí mo tún lọ sí Manigri, ìyá mi ní kí n ka ohun tó ń mú mi wá béèrè ọ̀rọ̀ òkú lọ́wọ́ òun. Mo jókòó sórí àpótí, mo bẹ̀rẹ̀. N kò tíì kà ju ìlà mẹ́ta lọ tó fi dá mi dúró.

"Ta ni ọkùnrin náà?"

"N kò mọ̀, ìyá."

Ó mú iṣu mìíràn, ó ń wá ibi tí ọ̀bẹ máa wọlé.

"Ó dáa. Máa kà á lọ."