Ikùn Tí A Kò Gbé Wálé

Ìyá mi kò bi mí bóyá iṣẹ́ abẹ náà dùn mí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí alùpùpù lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ní Okpomẹta, mo di ikùn mú nítorí gbogbo kòtò ojú ọ̀nà ló gbá mi, ni ó wo ọwọ́ mi, ó wo inú báàgì mi, ó ní, "Èyí tí wọ́n gé kúrò ńkọ́? Ibo lo sin ín sí?"

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa mí. Mo ti ṣàlàyé fún un kí n tó lọ sí Kútọnu pé dókítà máa gé èyí tó pọ̀ jù nínú ikùn mi dànù, kí oúnjẹ díẹ̀ lè máa yó mi, kí ara mi lè fúyẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru fẹ́ pa mí nígbà náà. Orúnkún mi ti kọ̀ mí sílẹ̀. Agbẹ̀bí ni mí ní Kétu, agbẹ̀bí tí kò lè bẹ̀rẹ̀ kó tún dìde, iṣẹ́ wo ló kù fún un? Ìyá mi gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ní kí n máa lọ, kí Ọlọ́run wà pẹ̀lú mi. Àṣé ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé n óò gbé èyí tí wọ́n gé padà wálé.

"Mi ò mọ̀, Ìyá," ni mo wí. "Bóyá wọ́n sun ún. Bóyá wọ́n rì í mọ́lẹ̀."

"O ò mọ̀." Ó jókòó. "Ìwọ tó ń di ibi ọmọ fún gbogbo obìnrin Kétu, o ò bèèrè tìẹ."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Òótọ́ ni. Bí obìnrin bá ti bímọ lọ́wọ́ mi, n óò fi ibi ọmọ náà sínú ike olómorí, n óò gbé e fún ìyá àgbà tàbí bàbá ọmọ kí wọ́n lọ rì í mọ́lẹ̀ nílé wọn. Bí wọ́n bá gbàgbé, èmi náà ni n óò sáré tẹ̀lé wọn dé ẹnu géètì, n óò máa pariwo pé ṣé ajá lẹ fẹ́ fi ìkejì ọmọ yín sílẹ̀ fún ni! Gbogbo wọn ló ń bẹ̀rù ẹnu mi yìí. Nígbà tó wá kan èmi, mo sùn lọ lórí bẹ́ẹ̀dì, mo jí, fóònù mi ni mo bèèrè. Inú bí mi sí ìyá mi nítorí pé ó jàre.

Omi ọbẹ̀ tí a sẹ́ ni mo ń mu níbẹ̀rẹ̀, ṣíbí kan, kí n dúró, kí n tó mu ṣíbí mìíràn. Nígbà tó yá mo bọ́ sórí ẹyin àti ẹ̀wà tí a gún kúnná. Ara mi ń fúyẹ́ lóòótọ́, awọ apá mi wá ń mì bí aṣọ tí mo yá wọ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí n kò múra sílẹ̀ fún: ebi kò pa mí mọ́. Kì í ṣe pé ó dínkù, kò sí rárá. Ìyá mi á máa yan ẹ̀pà níwájú mi, òórùn rẹ̀ á wọ imú mi, á sì kú síbẹ̀. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé àárò ebi lè sọ èèyàn.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni mo rí ìyá mi tó gbé àwo oúnjẹ rẹ̀ lọ sẹ́yìn ilé ìdáná, sí ìdí igi ìyeyè. Ìdí igi yẹn ni wọ́n ri ibi ọmọ mọ́ nígbà tí wọ́n bí mi. Ó lóṣòó, ó da ìdajì ọkà àti ọbẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Mo sún mọ́ ọn.

"Jẹun," ló ń wí. "Jẹun, má pè é."

"Ìyá, ta lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ikùn rẹ ni." Kò tilẹ̀ wẹ̀yìn. "Wọ́n sọ ọ́ sí ilẹ̀ onílẹ̀, kò mọ ẹnì kankan níbẹ̀. Bí ebi bá pa á jù, á pe ẹni tó ni ín. Ibi rẹ tó wà níbí ló ń bá mi gbé oúnjẹ fún un."

Ẹ wò ó, obìnrin tó ń gbá inú ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì ní gbogbo Sátidé ni mò ń sọ yìí o! Mo ní kó dákun, kó yé ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n lọ mu omi ọbẹ̀ mi.

Kì í ṣe ìyá mi ló ń dẹ́rù bà mí. Adìẹ ni. Adìẹ ilé wa tó máa ń bá èèyàn du oúnjẹ lẹ́nu, wọn kì í dé ìdí igi yẹn mọ́. Wọ́n á rìn títí, wọ́n á dúró, wọ́n á yà. Síbẹ̀, bí mo bá padà débẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ pupa náà á ti mọ́, kò ní sí ọkà, kò ní sí èèrà. Mo sọ fún ara mi pé ewúrẹ́ aládùúgbò ni. Mi ò rí ewúrẹ́ kankan.

Nígbà kan, ọyẹ́ bo gbogbo oko, n kò tíì fi nǹkan kan ẹnu láti àárọ̀. Ìyá mi da àdàlú sílẹ̀ ní ìdí igi. Kò pẹ́, mo gùfẹ̀, òórùn àdàlú ni mo gbọ́ lọ́nà ọ̀fun mi, pẹ̀lú epo pupa. Ikùn mi le, ó yó. Mo jókòó sórí àpótí, mo fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo kàwé, mo mọ orúkọ tí wọ́n ń pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní Faransé. Mo pè é sókè, kò ràn mí lọ́wọ́.

Lẹ́yìn èyí ni irun mi bẹ̀rẹ̀ sí í já sínú kóòmù. Wọ́n ti sọ fún mi ní Kútọnu pé yóò já, yóò sì tún hù. Ìyá mi kó o jọ, ó rì í sídìí igi náà. "Ṣé o rí i?" ó ní. "Ó ti ń fà ọ́ díẹ̀díẹ̀." Láti ìgbà náà kò dá ìdajì oúnjẹ rẹ̀ sí mọ́, gbogbo rẹ̀ ló ń dà sílẹ̀. Bí mo bá pariwo, á ní òun ti jẹ. Irọ́ ni! Ìró rẹ̀ ń yọ̀ kúrò ní ìbàdí, eegun èjìká rẹ̀ yọ síta.

Àárọ̀ ọjọ́ ọjà kan ló ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Mo gbé e. Èmi tí dókítà ní kí n má tíì gbé ẹrù wúwo, mo gbé ìyá mi, kò wúwo. Ẹ̀rù bà mí dé egungun. Mo fi ohùn tí mo ń fi bá àwọn aboyún olóríkunkun wí bá a wí, mo bẹ̀ ẹ́, mo sunkún. "Gbé e wálé," ó ní, "n óò jẹun." Ó yí ojú sí ògiri.

Mo pe dókítà, mo bi í níbi tí èyí tó gé wà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Madáàmù, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?" Ó ní kò sí níbì kankan mọ́. Mo pa fóònù. Mo mọ̀ pé bí n kò bá gbé nǹkan kan wálé, òkú ìyá mi ni n óò sin, mo sì fi í sílẹ̀ lọ́wọ́ obìnrin aládùúgbò, mo gba ọjà lọ.

Ikùn ewúrẹ́ kan ni mo rà ní Kétu, ní odindi. Obìnrin alẹ́ran bi mí bóyá kí òun gé e wẹ́wẹ́. "Má ṣe fi ọ̀bẹ kàn án!" ni mo wí, ó sì wò mí bákan. Ikùn náà ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo yà ní ilé ìwòsàn wa, mo mú ike olómorí kan, irú èyí tí mo ń fi ibi ọmọ sí, mo gbé e sórí itan mi dé Okpomẹta. Ó ń mì nínú ike ní gbogbo ọ̀nà. Mo mọ̀ pé alùpùpù ló ń mì ín.

"Ìyá, wọ́n ti gbé e fún mi."

Ó dìde jókòó, ó ní kí n pọn omi wá. Ó ṣí ike náà, ó gbé ohun inú rẹ̀ sórí ọwọ́ méjèèjì, ó ń fọ̀ ọ́ jẹ́jẹ́ bí a ṣe ń fọ ọmọ tuntun. Ó yí inú rẹ̀ síta. Ọwọ́ rẹ̀ dúró díẹ̀. Ó gbójú sókè wò mí, èmi wolẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì mi, ti ilé bàbá mi àti ti ilé tirẹ̀, tí n kò gbọ́ láti ọjọ́ ìgbéyàwó mi. Ó ní kí n mú bùbá ńlá mi àtijọ́ wá, èyí tó ti gbà mí lẹ́ẹ̀mejì báyìí. Ó ya á, ó fi dì í.

Mo gbẹ́ ilẹ̀. Ó ní kí n kúnlẹ̀, mo kúnlẹ̀, orúnkún mi gbà fún mi. Mo ti pinnu pé n óò ṣe bí ẹni tó ń sunkún. Àfi bí ẹkún ṣe bọ́ lóòótọ́. Ikùn tó gba gbogbo oúnjẹ tí obìnrin yìí sè fún mi láti kékeré ni mo fi lé àjèjì lọ́wọ́, n kò tilẹ̀ kí i pé ó dàbọ̀. Mo sunkún títí ọ̀fun mi fi gbẹ.

Ní ìrọ̀lẹ́ mo ro ọkà. Ìyá mi jẹ tirẹ̀ tán, ó fi ìka nu àwo. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ jó. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀.

"Ikùn ewúrẹ́ ni," ó ní.

Mo yíjú sí i.

"Wọn ò tíì bí ọ tí mo ti ń fọ ikùn ewúrẹ́. O rò pé n kò ní mọ̀ ọ́n?"

"Ẹ mọ̀, ẹ sì ń ki oríkì mi fún un?"

"Èmi mọ̀," ó ní. "Ilẹ̀ ò mọ̀."

Adìẹ méjì ti padà sí ìdí igi ìyeyè, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tan ilẹ̀ tuntun náà. Mò ń wò wọ́n nígbà tí nǹkan yí nínú mi, ó kùn, ó fà. Mo ti gbàgbé bó ṣe ń rí. Ebi ni. Mo na àwo mi sí ìyá mi, nítorí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìkòkò wà. "Ìyá, ẹ bu díẹ̀ fún mi. Ebi ń pa mí."

Ó mú ìgbakọ, kò bù. Ó wo ẹ̀yìn ilé ìdáná, ó wò mí.

"Ìwọ ni," ó ní, "àbí òun?"

Mi ò mọ̀. Mo ṣáà na àwo náà sí i.